Omi ló wó ilé, omi la fi yà á: Ohun tí àwòrán ọ̀dà olómi lè gbà sílẹ̀ nínú ahoro Grand-Bassam

Tí èèyàn bá gba ọ̀nà ìlà oòrùn kúrò ní Abidjan, tó kọjá Port-Bouët níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà, yóò rin nǹkan bíi 40 kìlómítà kó tó dé Grand-Bassam. Òkun wà lápá ọ̀tún rẹ̀, igi àgbọn sì tò lọ bẹẹrẹ.

Tó bá ti kọjá afárá orí ọ̀sà Ouladine, ó ti wọ Quartier France nìyẹn, ìyẹn àdúgbò tí àwọn òyìnbó Faransé kọ́ nígbà tí Grand-Bassam jẹ́ olú ìlú Côte d'Ivoire.

Níbẹ̀ ni yóò ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òrùlé rẹ̀ ti lọ. Fèrèsé ti di ihò, àwọn òpó ṣì dúró, igi sì ti ta gbòǹgbò gba inú ògiri jáde. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé mìíràn wà tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n kùn, tí àwọn èèyàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde.

Irú ibi báyìí ni ayàwòrán máa ń fẹ́ jókòó sí. Ó ti lé ní 200 ọdún tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń gbé bébà, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò lọ sí ìdí àwókù ilé àtijọ́.

Àmọ́ kí ni èrè kí èèyàn jókòó sínú oòrùn, kó máa ya ilé tó ti wó? Ṣé torí ẹwà nìkan ni, àbí iṣẹ́ kan wà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣe?

Báwo ni Grand-Bassam ṣe di ahoro?

Ní ọdún 1893 ni ìjọba Faransé sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àmúnisìn tó dá dúró. Grand-Bassam ni wọ́n fi ṣe olú ìlú, Louis-Gustave Binger sì ni gómìnà àkọ́kọ́.

Wọ́n kọ́ ààfin gómìnà, ilé ẹjọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́, báǹkì àti ilé àwọn oníṣòwò. Àwọn N'zima, tí ń ṣe iṣẹ́ ẹja pípa, ti ní abúlé tiwọn níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Abúlé náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé náà títí di òní.

Ìtura náà kò pẹ́. Ní ọdún 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà nílùú náà.

Nígbà yẹn, wọn kò tíì mọ ohun tó ń fà á. Ọdún 1900 ni ìwádìí tí àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà ṣe ní Cuba tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri. Ẹ̀fọn ọ̀hún, inú omi tó dá rogún ló ń yé sí.

Ìjọba kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Bingerville ní ọdún 1900. Nígbà tó yá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Abidjan di olú ìlú.

Káràkátà ṣì ń lọ ní Grand-Bassam fún ìgbà díẹ̀ torí pé ọkọ̀ ojú omi ń dé ibẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 1950, wọ́n la odò Vridi, èyí tó jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọnú ọ̀sà Abidjan tààrà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ àti òwò kò ní ìdí láti dúró sí Bassam mọ́.

Ohun tí ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ló parí rẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ náà máa ń mú kí irin inú ògiri dípẹtà. Bí irin bá ti dípẹtà, ó máa ń wú, á sì la ògiri láti inú. Òjò á gba ibẹ̀ wọlé, ẹyẹ á ju èso igi sí i, igi á hù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ọdún 2012, àjọ UNESCO fi ìlú àtijọ́ Grand-Bassam sí ara àwọn ogún àgbáyé. Àwọn ilé kan ti rí àtúnṣe láti ìgbà náà wá. Àwọn mìíràn ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ta ló kọ́ ayé láti máa wo ahoro?

Yorùbá kì í sábà lọ wo ahoro ṣeré. Létí wa, ahoro jẹ́ ibi tí ogun tú, tàbí ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn lé èèyàn kúrò. Tí wọ́n bá ní ilé ẹni yóò di ahoro, èpè ni.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn lọ. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó di àṣà pé kí àwọn ọmọ olówó, pàápàá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rin ìrìn àjò lọ sí Ítálì láti wo àwókù ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́.

Kò tíì sí kámẹ́rà nígbà náà. Ọdún 1839 ni wọ́n tó kéde ọ̀nà tí Daguerre gbé jáde láti ya fọ́tò. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú ìrántí bọ̀ wá sílé gbọ́dọ̀ yà á fúnra rẹ̀ tàbí kó sanwó fún ayàwòrán.

Ọ̀dà olómi ló bá ìrìn àjò mu jù. Ọ̀dà olóróró máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó gbẹ, ó sì wúwo láti gbé. Ọ̀dà olómi kò gbà ju àpótí kékeré kan, bébà, búrọ́ọ̀ṣì àti ife omi lọ. Ní ọdún 1781, ẹgbẹ́ kan ní London fún William àti Thomas Reeves ní ẹ̀bùn torí pé wọ́n ṣe ọ̀dà gbígbẹ tó dà bí ọṣẹ kékeré, tí èèyàn kàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì tútù pa.

J.M.W. Turner, tó wá di gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tó fi ọ̀dà olómi ya àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Tintern ní Wales. Ní ilẹ̀ Faransé, Hubert Robert ya ahoro débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mọ́ ọn. Ní ọdún 1796, ọkùnrin yìí fi ọ̀dà olóróró ya gbọ̀ngàn ńlá ilé ọnà Louvre ní Paris bí ẹni pé ó ti wó lulẹ̀, nígbà tí ilé náà ṣì dúró digbí.

Àwọn ológun náà kọ́ ọ. Paul Sandby, tó wà lára àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ọ̀dà olómi, kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich ní yíya àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Ọ̀gá ológun tó bá lè ya òkè, odò àti odi ìlú lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbèrò láti gba ìlú náà.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Grand-Bassam jẹ́ ọ̀rọ̀ alápá méjì. Òpó àti ọ̀nà àbáwọlé tó tẹ̀ kọrọdọ lára àwọn ilé Quartier France, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àti Róòmù ni àṣà wọn ti ṣẹ̀ wá. Faransé kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ó sì gbé e wá sí etíkun wa. Òyìnbó tó ń ya ahoro Róòmù kò mọ̀ pé ilé tí òun náà kọ́ yóò di ohun tí ẹlòmíràn yóò wá máa yà.

Kí ló wà nínú ọ̀dà olómi?

Ohun mẹ́ta péré ni: lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, oje igi àti omi.

Oje igi náà ló ń so lẹ́búlẹ́bú mọ́ bébà. Gum arabic ni wọ́n ń pè é, ara igi kasíà tó máa ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ láti Senegal títí dé Sudan ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ó wà ní àríwá Nàìjíríà náà, ní ìpínlẹ̀ bíi Borno, Yobe àti Jigawa.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà lórí òwò oje yìí ní etí odò Senegal. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń lò ó jù, àmọ́ kò sí ọ̀dà olómi láìsí i. Ìyẹn ni pé nígbà tí ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì ń ya òpó Róòmù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oje igi Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló so àwòrán rẹ̀ mọ́ bébà.

Ohun tó ya ọ̀dà olómi sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú àwọ̀ náà, á kan bébà funfun, á sì padà sí ojú ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyí tí ògiri tí oòrùn ń pa nínú àwòrán ọ̀dà olómi fi máa ń dà bí ẹni pé ó ń tàn.

Ó tún jẹ́ kí iṣẹ́ náà le. Nínú ọ̀dà olóróró, èèyàn lè fi funfun bo àṣìṣe. Nínú ọ̀dà olómi, bébà ni funfun. Ibi tí ayàwòrán bá fẹ́ kó funfun, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá ti kùn ún tán, ẹyin ti fọ́.

Ọ̀dà yìí kò ṣàjèjì sí ọwọ́ Yorùbá. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní ọdún 1882, fi ọ̀dà olómi ya àwòrán ìyá ààfin kan tó ń jẹ́ Spencer Savage ní ọdún 1906 ní Èkó. Ọdún 1920 ló tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní London. Nígbà tó fi ya àwòrán náà, àwọn òyìnbó kan ṣì ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ya ilé tó ti wó?

Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀kan nínú àwọn ilé Bassam yóò tètè dé ibẹ̀. Ní òwúrọ̀, oòrùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wá, òjìji á sì gùn. Tó bá di ọ̀sán gangan, oòrùn á wà lókè orí, gbogbo nǹkan á sì tẹ́ bíi pákó.

Yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fà á díẹ̀: ìlà ilẹ̀, gíga ògiri, ibi tí fèrèsé wà. Òpó ṣe pàtàkì. Tí òpó bá wọ́ láì sí ìdí, ojú yóò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Tó bá wọ́ torí pé ilé náà ń wó, èyí tó ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ hàn.

Lẹ́yìn náà ló máa fi omi rin bébà, kó tó fi àwọ̀ ojú ọ̀run sí i. Àwọ̀ á máa tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú omi. Bí ìkùukùu òjò ṣe máa ń rí lórí òkun ní oṣù Kẹfà nìyẹn.

Ògiri ló kàn. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ ọsàn rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n sábà máa ń pò fún un. Kó tó gbẹ ni ayàwòrán máa ń kán àwọ̀ ewé àti dúdú sí i láti òkè, tí yóò sì jẹ́ kó ṣàn wálẹ̀. Bí òjò ṣe ṣàn lára ògiri gidi fún 100 ọdún ni omi ń ṣàn lára ògiri orí bébà yìí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀dà olómi ti bá ahoro mu. Ayàwòrán kò lè pàṣẹ fún omi tán. Ó lè darí rẹ̀, àmọ́ omi ló máa pinnu ibi tó máa dúró. Kọ́lékọ́lé tó kọ́ ilé etí òkun mọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Inú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbẹ̀yìn kùn, torí ibẹ̀ ló ṣókùnkùn jù. Lẹ́yìn náà ni gbòǹgbò igi, ewé àti ohun alààyè. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń fi èèyàn kékeré kan síbẹ̀: obìnrin tó ru ẹrù, tàbí ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ara ènìyàn yìí ni a fi ń mọ bí ilé náà ti ga tó.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ní etíkun Abidjan, afẹ́fẹ́ tutù gan-an lásìkò òjò, bébà sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, àwọ̀ lè gbẹ kí èèyàn tó fọwọ́ dà á.

Ṣé àwòrán lè jẹ́ ẹ̀rí?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rù ń ba àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bọ́ǹbù Jámánì yóò pa ìlú wọn run. Kenneth Clark, tó jẹ́ olórí ilé àwòrán ìjọba ní London, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Recording Britain.

Wọ́n bẹ àwọn ayàwòrán lọ́wẹ̀ káàkiri láti fi ọ̀dà olómi ya ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti àdúgbò tó lè parẹ́. Àwòrán tó lé ní 1,500 ló jáde látọwọ́ ayàwòrán 97. Kámẹ́rà ti wà nígbà náà, àmọ́ wọ́n fẹ́ ojú àti ọwọ́ èèyàn. Ilé ọnà Victoria and Albert ní London ló ń tọ́jú wọn lónìí.

Àwọn ilé kan nínú àwòrán náà kò sí mọ́. Kì í ṣe bọ́ǹbù ló wó gbogbo wọn. Òpópónà tuntun àti ilé ìgbàlódé wó òmíràn.

Èkó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlójò Bar, ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Ìta Tinúbú, jẹ́ ọ̀kan lára ilé tí àwọn tó dé láti Brazil fi àmì iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ sí. Ní ọdún 1956, wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Òfin kò dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ ti tẹ̀, tàbí irú òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀, fọ́tò àti àwòrán ló kù fún un.

Ahoro tí kò ní òpó ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ayé Róòmù ni wọ́n ti kọ́ ojú ayé pé ahoro ni òpó òkúta. Ohun tí kò bá ní òpó, ojú á fò ó.

Ọ̀yọ́-Ilé kò ní òpó òkúta. Nígbà tí Hugh Clapperton dé ibẹ̀ ní ọdún 1826, ìlú ńlá ni, Aláàfin sì wà lórí ìtẹ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ogun ti tú u.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àti odi rẹ̀. Amọ̀ sì máa ń padà sí ilẹ̀ tó ti wá. Lónìí, inú igbó ọba tí ìjọba Nàìjíríà ń tọ́jú ni ó wà. Ohun tí èèyàn lè rí níbẹ̀ ni odi tó ti di ebè gígùn, àpáàdì ìkòkò àti igi osè tó dúró níbi tí èèyàn ń gbé rí.

Ṣé èyí ṣeé yà? Ó ṣeé yà, àmọ́ ayàwòrán gbọ́dọ̀ yí ojú padà. Kò ní wá ohun tó ga. Yóò wá bí koríko ṣe yàtọ̀ níbi tí ilé wà tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe rọra gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, àti bí igi osè ṣe ń tọ́ka sí agbo ilé tí kò sí mọ́.

Àríwá Côte d'Ivoire náà ní irú ìtàn yìí. Kong jẹ́ ìlú àwọn oníṣòwò àti àwọn àfáà. Binger dé ibẹ̀ ní ọdún 1888, kó tó di gómìnà. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Samory Touré pa ìlú náà run.

Àwọn ará ìlú padà, wọ́n sì tún mọ́ṣáláṣí wọn kọ́ pẹ̀lú amọ̀ àti igi. Ní ọdún 2021, UNESCO fi mọ́ṣáláṣí mẹ́jọ irú èyí ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, tó fi mọ́ ti Kong, sí ara ogún àgbáyé. Àjọ náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àmọ́ 20 péré ló kù.

Ìyàtọ̀ wà láàrin Kong àti Grand-Bassam. Mọ́ṣáláṣí Kong kò di ahoro torí pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ilé Bassam lágbára ju amọ̀ lọ, àmọ́ àwọn tó kọ́ ọ ti lọ.

Ta ló ni ahoro Bassam?

Àwọn kan máa ń bèèrè pé kí ló dé tí èèyàn yóò fi máa tọ́jú ilé tí amúnisìn kọ́, ká má tíì sọ pé kó tún yà á bí ohun tó lẹ́wà.

Èsì kan wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam. Ní ọdún 1949, ìjọba amúnisìn kó àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI-RDA, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀, sí ibẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin kóra jọ, wọ́n sì rìn lọ sí ẹnu ọgbà ẹ̀wọ̀n náà láti bèèrè pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Àwọn agbófinró lé wọn pẹ̀lú ipá.

Ìrìn náà wà lára ohun tí àwọn ọmọ Côte d'Ivoire máa ń rántí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn òmìnira wọn, tí wọ́n gbà ní ọdún 1960. Ògiri tí amúnisìn mọ ti di ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí ta kò ó.

Ààfin gómìnà náà ti di ilé tí wọ́n ń kó aṣọ ìbílẹ̀ onírúurú ẹ̀yà Côte d'Ivoire sí fún àwọn èèyàn láti wò. Lọ́dọọdún, àwọn N'zima ṣì ń ṣe ọdún Abissa ní ìlú náà, nígbà tí ará ìlú lè dìde sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí olórí láìsí pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́.

Ayàwòrán tó bá ya òpó nìkan ti ya ìdajì. Tó bá fi apẹja N'zima, tàbí obìnrin tó ń kọjá lẹ́nu ọgbà ẹ̀wọ̀n, kún un, ìtàn náà pé.

Kí ni àwọn ayàwòrán Abidjan ti ṣe?

Abidjan kò dúró de Yúróòpù kó tó mọ ohun tó máa fi bébà ṣe. Frédéric Bruly Bouabré, tó kú ní ọdún 2014, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ya àwòrán kéékèèké sórí páálí pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀ àti bíírò. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ yí etí wọn ká. Ohun tó fẹ́ ni kí ìmọ̀ àwọn Bété, ẹ̀yà rẹ̀, má baà parẹ́.

Láti àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan, bíi Youssouf Bath, Kra N'Guessan àti Théodore Koudougnon, bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Vohou-Vohou. Dípò kí wọ́n máa ra ọ̀dà olówó ńlá láti òkè òkun, wọ́n lo èèpo igi, iyanrìn, ráfíà àti àwọ̀ tí wọ́n fà láti ara ewé.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àwòrán ahoro, àmọ́ ó kọ́ni pé ilẹ̀ tí èèyàn fẹ́ yà lè jẹ́ ọ̀dà tó máa fi yà á. Erùpẹ̀ pupa Bassam, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì fi oje igi pò ó, ọ̀dà olómi ti dé nìyẹn.

Àwòrán náà lè di ahoro

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Bébà kì í ṣe òkúta. Àwòrán ọ̀dà olómi lè ṣá, ó lè bu, ìkán sì lè jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1888, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Russell àti Abney, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ọ̀dà olómi. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń pa.

Aró tí a ń fà lára ẹ̀lú wà lára àwọn tó máa ń ṣá. Àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì lò ó púpọ̀ fún ojú ọ̀run. Ní àwọn àwòrán àtijọ́ kan, aró náà ti lọ, àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ ọn ló kù. Ojú ọ̀run tó yẹ kó jẹ́ búlúù ti wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Àwọ̀ ilẹ̀ kì í ṣá bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ pupa àti erùpẹ̀ ọsàn ti wà lára àwòrán inú ihò àpáta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Torí náà, ẹni tó bá ní irú àwòrán yìí nílé kò gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gíláàsì, àmọ́ kí gíláàsì náà má fara kan bébà. Ní ìlú etíkun bí Abidjan, Kútọnu tàbí Èkó, ògiri tó ń lami kò yẹ ẹ́, torí pé bébà máa ń fa omi, ebu á sì dé. Bébà tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi igi ṣe lọ.

Kí ló kù fún àwọn Yorùbá ní Abidjan?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Abidjan, ní Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí kò ti ṣòro láti rí ẹni tó gbọ́ Faransé.

Àwọn yìí mọ ohun tó ń jẹ́ ilé tí onílé kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ilé bàbá nílé, tí ògiri amọ̀ rẹ̀ ń wó díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ wà lẹ́nu òwò. Bí owó bá sì dé, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí fún ìyẹn, torí ilé tí òjò ń pa kì í ṣe ohun àmúyangàn.

Àmọ́ kí wọ́n tó wó o, ẹnì kan nínú ẹbí lè jókòó sí iwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú bébà àti omi. Kò pọn dandan kó jẹ́ Turner. Kó ya ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ibi tí ìyá àgbà ń jókòó sí, igi tó wà níta àti ibi tí òjò ti gbẹ́ ògiri. Kó kọ ọjọ́ àti orúkọ ilé náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọn kò bá ilé náà lè mọ ohun tí wọ́n ń wò.